Ọkọ̀ Púpọ̀, Ìròyìn Tí Kò Dájú: Ọ̀nà Ìtọpa Wo Ló Yẹ Yín?

Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìkòròdú ní Èkó, tó ní kí kọ̀ǹpútà bá òun tọpa danfo, kẹ̀kẹ́, ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọ̀kadà tó ń kọjá (òfin ní kí ọ̀kadà má gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò mọ òfin), kò ní pẹ́ rí i pé rírí ọkọ̀ kọ́ ni wàhálà. Ẹ̀rọ ìdámọ̀ bíi YOLO ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Wàhálà ibẹ̀ ni kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé danfo tí òun ń wò báyìí ni danfo tí òun rí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí danfo mẹ́ta bá ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí bọ́ọ̀sì gígùn kan tún wá dí gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ti là sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí pọ̀ gan-an. Mẹ́rin ni mo kó wá síbí: GNN (Global Nearest Neighbor), JPDA (Joint Probabilistic Data Association), MHT (Multiple Hypothesis Tracking) àti PHD (Probability Hypothesis Density), pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ṣe fún fídíò. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń béèrè èyí tó dára jù nínú wọn. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn. Ohun tí ẹ fẹ́ fi àbájáde ṣe ló máa yan ọ̀nà fún yín. Bí ẹ bá kàn fẹ́ mọ iye ọkọ̀ tó há sójú títì ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ kò nílò kí kọ̀ǹpútà dá ẹnikẹ́ni mọ̀ ní orúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú tó gba danfo kan láti orí afárá kan dé ìkejì, ọkọ̀ tó bá gba nọ́ńbà ẹlòmíràn lójú ọ̀nà (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀ ni mo ń sọ, kì í ṣe ti ara ọkọ̀) ti ba ìṣírò náà jẹ́, bó ti wù kí ẹ ka iye wọn pé tó.

Ohun tó ń ba ìròyìn jẹ́

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú, ohun tí ẹ̀rọ ìdámọ̀ bá sọ pé òun rí nínú férémù kan (ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tó tò tẹ̀ léra di fídíò) ni mo ń pè ní ìròyìn. Ìtàn ọkọ̀ kan láti férémù dé férémù ni mo ń pè ní ipa.

Ìròyìn a máa yẹ̀. Àpótí tí YOLO fà yí danfo ká a máa fẹ̀, a máa fún, a máa sún sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà ń lọ tààrà. Èyí ni ìṣòro tó rọrùn jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkọ̀ lè wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ má rí i. Ẹ̀rọ náà sì lè rí ohun tí kò sí: mọ́tò tó wà nínú pátákó ìpolówó, òjìji, tàbí iná tó ń tàn padà látinú omi òjò lójú ọ̀dà. Èyí tó wá burú jù ni kí ìròyìn dé, kó jẹ́ òótọ́, kí ẹ má sì mọ ọkọ̀ tó ni ín. Mo ti rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ àkókò tún èyí àkọ́kọ́ ṣe, tó sì jẹ́ pé èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń pa wọ́n.

Kalman filter, ìṣírò kan tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ máa wà, kò sí nínú ìdíje yìí, torí pé gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń lò ó, tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Rudolf Kalman, ọmọ Húngárì tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1960, kò sì pẹ́ tí NASA fi mú un lò fún ìrìnàjò Apollo sí òṣùpá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ ibi tó retí ọkọ̀ sí ní férémù tó ń bọ̀, kó sì sọ bí ìretí náà ṣe dá òun lójú tó. Tí ìròyìn bá dé, á fi ìretí àti ìròyìn wọ ara wọn, á sì fún èyí tó dájú jù ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ jù. Tí ìròyìn kò bá dé, iyèméjì rẹ̀ á máa fẹ̀. Bí iyára tí ẹ rò pé ọkọ̀ ní bá lè yẹ̀ ní mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 2 tí ẹ kò rí i, ibi tó wà ti lè yẹ̀ ní mítà 2. Gígùn ọ̀kadà odindi kan nìyẹn.

Lára iyèméjì yìí la ti ń fa òrùka yí ibi tí a retí ọkọ̀ sí ká. Ìròyìn tó bá bọ́ sí òde òrùka, a ò ní ka á mọ́ ọkọ̀ náà. Tó bá jẹ́ apá méjì ni ẹ ń wọ̀n, ọ̀tún sí òsì àti iwájú sí ẹ̀yìn, òǹkà tí wọ́n máa ń lò ni 9.21 bí ẹ bá fẹ́ kí òrùka gba ìròyìn tòótọ́ nígbà 99 nínú 100. Fún 95 nínú 100, 5.99 ni. Ìjìnnà tí a ti sọ di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a sì ti fi iyèméjì pín, la fi ń wé òǹkà wọ̀nyí, kì í ṣe mítà lásán.

GNN: kálukú mú tirẹ̀, ó parí

Ẹ jẹ́ ká mú danfo méjì, A àti B, àti ìròyìn méjì, 1 àti 2. Ìjìnnà A sí ìròyìn 1 jẹ́ 2, sí ìròyìn 2 ó jẹ́ 3. Ìjìnnà B sí ìròyìn 1 jẹ́ 3, sí ìròyìn 2 ó jẹ́ 9. Ẹni tó bá kánjú á wo èyí tó kéré jù, á fún A ní ìròyìn 1. Ìròyìn 2 ló kù fún B, ní ìjìnnà 9. Bẹ́ẹ̀ 9 kò tó 9.21, nítorí náà òrùka kò ní dá a dúró. Àṣìṣe á wọlé wẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11. Ẹni tó bá fi sùúrù wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ á fún A ní ìròyìn 2, á fún B ní ìròyìn 1: 3 pẹ̀lú 3, 6.

Wíwo gbogbo rẹ̀ pọ̀ yẹn ni GNN. Hungarian method ló ń ṣe ìṣírò rẹ̀, èyí tí Harold Kuhn, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1955, tó sì sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ láti fi yẹ́ onímọ̀ ìṣirò ọmọ Húngárì méjì sí, Kőnig àti Egerváry. (Pẹ̀lú ti Kalman, orílẹ̀-èdè kékeré yẹn ti ràn wá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.) Ìṣírò náà kò wúwo rárá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán á pín ọkọ̀ àádọ́ta fún ìròyìn àádọ́ta kí ẹ tó ṣẹ́jú.

SORT, irinṣẹ́ ìtọpa fún fídíò tó jáde ní 2016, kò ju Kalman filter àti Hungarian method lọ. Dípò ìjìnnà tí mo júwe lókè yìí, bí àpótí méjì ṣe bo ara wọn tó ló ń wò. Òun ló yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ní fídíò kọ́kọ́ dán wò, nítorí bó bá ṣubú, ẹ óò rí ibi tó ti ṣubú. Ibi méjì ló sì ti sábà máa ń ṣubú lójú títì wa.

Àkọ́kọ́ ni férémù tó kéré. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń rìn mítà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá ń ya férémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ọkọ̀ náà sún ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 44 láàrin férémù méjì. Àpótí á ṣì bo ara wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n nítorí owó dátà, àwọn kan máa ń dín férémù kù sí 5. Ọkọ̀ náà ti wá ń fò ní mítà 2.2. Ọ̀kadà tó gùn ní nǹkan bíi mítà 2 kò ní bo ibi tó wà tẹ́lẹ̀ rárá. Ẹ lè sọ pé Kalman filter á ti sọ tẹ́lẹ̀ ibi tó ń lọ. Òótọ́ ni, fún ọkọ̀ tó ti mọ̀. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òdo ni SORT fi ń bẹ̀rẹ̀ iyára rẹ̀. Á retí rẹ̀ síbi tó ti rí i ní àkọ́kọ́, kò ní bá a níbẹ̀, á pa ipa náà rẹ́, á fún un ní nọ́ńbà tuntun ní férémù tó kàn. Ọ̀kadà kan ṣoṣo lè gba nọ́ńbà mẹ́jọ kó tó kọjá, ẹ̀yin á sì máa rò pé ọ̀kadà mẹ́jọ ló kọjá. Bí ẹ kò bá lè gbé férémù ga, ẹ fi ìjìnnà àti òrùka rọ́pò bíbo ara wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí òrùka ọkọ̀ tuntun fẹ̀.

Èkejì ni bọ́ọ̀sì. Ká ní bọ́ọ̀sì BRT tó gùn ní mítà 12 dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí danfo kan sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá ní kìlómítà 20 ní wákàtí. Á tó ìṣẹ́jú-àáyá 2.2 kí ẹ tó tún fojú kàn án, ìyẹn férémù 54 nínú fídíò onífírémù 25. SORT, bí wọ́n ṣe gbé e jáde, férémù kan péré ló ń dúró de ọkọ̀ tó sọnù. DeepSORT àti ByteTrack, àwọn àbúrò SORT, ń dúró fún férémù 30. Méjèèjì á ti gbàgbé danfo náà kó tó jáde. Ẹ gbé òǹkà yìí sí 60 ó kéré tán, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irinṣẹ́ kan kò dára. Kí ẹ sì rántí pé danfo lè dúró gbé èrò lẹ́yìn bọ́ọ̀sì yẹn. Ìretí tó gbà pé iyára kò yí padà á sì ti lọ dúró dè é níwájú. Ìdí nìyẹn tí IMM fi wà, èyí tí Blom àti Bar-Shalom gbé jáde ní 1988. Ó ń fi ìwà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ retí ọkọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan, fún àpẹẹrẹ "ó ń lọ" àti "ó ń dúró", á sì jẹ́ kí ìròyìn sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Fún danfo, mo gbà pé ó tó owó rẹ̀.

Mi ò ní fi ByteTrack sílẹ̀ láìsọ ohun kan tó ṣe tó wù mí. Ẹ̀rọ ìdámọ̀ máa ń fi òǹkà ìdánilójú sára ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n da gbogbo ìròyìn tó kéré sí 0.5 nù. Bẹ́ẹ̀ danfo tí ìdajì ara rẹ̀ ti wọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, irú òǹkà kékeré bẹ́ẹ̀ náà ló máa ní. ByteTrack ń kọ́kọ́ fi àwọn ìròyìn tó lágbára so mọ́ ipa. Lẹ́yìn náà ló ń mú àwọn aláìlágbára wá, kìkì fún ipa tí kò tíì rí tirẹ̀. Aláìlágbára kò lè bí ipa tuntun. Ó ń lo ìròyìn tí kò dájú láìjẹ́ kó dá nǹkan sílẹ̀. Bó bá jẹ́ SORT ni ẹ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sún sí nìyí, ṣáájú ohunkóhun nínú àwọn tó kù.

JPDA: kí kálukú gba ìpín

GNN a máa pinnu, kò sì ní yí i padà. JPDA kò pinnu. Bí ìròyìn mẹ́ta bá bọ́ sínú òrùka danfo kan, á wo bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, ká sọ pé 0.7, 0.15 àti 0.05, kó sì fi 0.1 sílẹ̀ fún ṣíṣeéṣe pé kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Yóò wá fi ìpín wọ̀nyẹn fa danfo náà síbi tó yẹ. Yaakov Bar-Shalom àti Edison Tse ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo ní 1975. Ní 1983, Bar-Shalom pẹ̀lú Fortmann àti Scheffe fẹ̀ ẹ́ sí ohun púpọ̀ tí wọ́n ń pín ìròyìn kan náà.

Radar ni ilé rẹ̀. Níbi tí ìròyìn èké ti pọ̀ bí eṣú, tí ohun tí ẹ ń tọpa sì kéré níye tó jìnnà síra, GNN á máa bá èké sá kiri, JPDA á fara balẹ̀. Lójú títì Èkó, ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tí à ń tọpa ló pọ̀ níbẹ̀, èké kò tó nǹkan. Danfo méjì tó bá ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ á máa pín ìròyìn ara wọn, ipa méjèèjì á sì máa súnmọ́ra títí wọn yóò fi wọ inú ara wọn, tí ẹ óò ní ipa méjì lórí ibì kan náà láàrin ọkọ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí danfo ṣe ń wakọ̀ mọ̀ pé ipò yìí kì í ṣe èèṣì.

Iye ìṣírò rẹ̀ náà ń bani lẹ́rù. Bí ọkọ̀ méjì àti ìròyìn méjì bá wà nínú òrùka kan náà, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà so mọ́ra jẹ́ 7, pẹ̀lú èyí tí ẹnikẹ́ni kò ti rí nǹkan gbà. Mẹ́ta sí mẹ́ta jẹ́ 34. Mẹ́rin sí mẹ́rin, 209. Márùn-ún sí márùn-ún, 1,546. Mẹ́wàá sí mẹ́wàá ti di 234,662,231. Òrùka máa ń gé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò, ṣùgbọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òrùka gbogbo ọkọ̀ ló ń wọnú ara wọn.

Ó tún ń béèrè lọ́wọ́ yín pé kí ẹ sọ ìṣeéṣe tí ẹ̀rọ fi ń rí ọkọ̀ tó wà níbẹ̀, àti bí èké ṣe pọ̀ tó lórí ilẹ̀ kan. Àwọn kan á kàn kọ 0.9, wọ́n á lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú apá kan nínú fídíò, ẹ fi ojú ka ohun tí ẹ̀rọ gbójú fò, ẹ ṣe ti ọ̀sán, ẹ ṣe ti alẹ́. Òǹkà méjèèjì á yàtọ̀ síra ju bí ẹ ṣe rò lọ.

MHT: ẹ jẹ́ ká dúró ná

Donald Reid ló gbé MHT kalẹ̀ ní 1979. Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Danfo A wọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì láti apá òsì. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lẹ́yìn náà, danfo méjì jáde ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ṣáájú èkejì. Ṣé A ló ṣáájú, tí èkejì sì ti dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀? Àbí èyí tó ti dúró tẹ́lẹ̀ ló ṣáájú, tí A tẹ̀ lé e? Àbí A ṣì wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, tí méjèèjì yìí sì jẹ́ àlejò? GNN á yan ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. MHT á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òǹkà, á sì máa bá gbogbo wọn lọ bí ọ̀tayò tó ti rí ibi tí ọmọ ayò á balẹ̀ sí nínú ìta mẹ́ta tó lè ta. Nígbà tó bá yá, tí danfo kẹta bá yọ jáde ní iyára A, ìtàn kẹta á lágbára, méjì àkọ́kọ́ á rọ.

Òun ló dára jù fún ìgbà tí ọkọ̀ bá pòórá tó sì padà. Mi ò ṣiyèméjì nípa ìyẹn. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni àkókò àti ìrántí kọ̀ǹpútà, torí ìtàn ń bímọ ní férémù kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́dọ̀ máa pa àwọn tó rẹlẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì fi ààlà sí iye férémù tí ẹ lè padà sẹ́yìn. Ní 1996, Cox àti Hingorani fi hàn bí a ṣe lè ṣe é láìká gbogbo ìtàn: kí a máa wá kìkì ìtàn tó dára jù mélòó kan, pẹ̀lú ọ̀nà tí Murty ti gbé jáde láti 1968. Ìwé yẹn ló mú MHT kúrò nínú ohun tí à ń kà, tó sọ ọ́ di ohun tí a lè lò.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àbájáde yí iná ìdarí-ọkọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ẹ má lo MHT. Kó tó pinnu, iná ti yí padà. Bí fídíò bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín, tí ẹ fẹ́ kọ àbọ̀ ìrìnnà fún ìjọba ìbílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí ìdí tí ẹ fi máa kánjú.

PHD: ẹ má bi mí ní orúkọ

Ronald Mahler gbé PHD jáde ní 2003 pẹ̀lú èrò kan tó kọ́kọ́ dà bí ọ̀lẹ: kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu pé ta ló ni ìròyìn wo? Ó fa àwòrán kan sórí títì, bí àwọ̀ tó ki níbi tí ọkọ̀ wà tó sì fẹ́lẹ́ níbi tí kò sí. Bí ẹ bá ṣe àròpọ̀ àwọ̀ náà lórí apá títì kan, iye ọkọ̀ tí ẹ lè retí níbẹ̀ ló máa jáde. Ó lè jẹ́ 3.6. Vo àti Ma ló sọ ọ́ di ohun tó rọrùn láti ṣírò ní 2006.

Fún kíka ọkọ̀ tó há, èyí wù mí ju gbogbo wọn lọ. Ọkọ̀ lè wọlé, ó lè jáde. Kò sí ìpípa ipa rẹ́, kò sí ìbí ipa tuntun lọ́tọ̀, torí ó wà nínú ìṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ kúrú. Bí ẹ bá ti sọ fún un pé ẹ̀rọ ń rí ọkọ̀ nígbà 95 nínú 100, ọkọ̀ tí kò bá rí nínú férémù kan ṣoṣo, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1, á já sí 0.05 lójú ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, iye ọkọ̀ yín já lulẹ̀, ó tún gòkè padà. CPHD tí Mahler gbé jáde ní 2007 ń mú iye náà dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó sì bọ́gbọ́n mu ni kí ẹ má fún un ní òǹkà ìrírí kan náà ní gbogbo ojú títì: ibi tí bọ́ọ̀sì máa ń dí, ẹ sọ fún un pé ìrírí rẹ̀ kéré.

Bí ẹ bá wá fẹ́ orúkọ lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn Vo ti gbé GLMB jáde láti 2013, tó fi nọ́ńbà sára ohun kọ̀ọ̀kan. Ó lágbára, ó sì wúwo. Ẹni tí kò tíì lo PHD kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

| | GNN (SORT, ByteTrack) | JPDA | MHT | PHD |
|---|---|---|---|---|
| Bó ṣe ń pín ìròyìn | Ó pinnu lójú ẹsẹ̀ | Ó pín in ní ìdá | Ó tọ́jú ìtàn púpọ̀ | Kò pín in |
| Ṣé nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà? | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá |
| Ọkọ̀ tó ń wọlé, tó ń jáde | Òfin tí ẹ fi kún un | Òfin tí ẹ fi kún un | Ó wà nínú ìtàn | Ó wà nínú ìṣírò |
| Ibi tó ti ń dùn | Ìròyìn tó mọ́, férémù tó pọ̀ | Èké púpọ̀, ohun díẹ̀ | Ohun tó ń pòórá tó ń padà | Iye, àti bí títì ṣe kún |
| Ibi tó ti ń kúnlẹ̀ | Ìkọjá ara ẹni, ìdílójú | Ọkọ̀ tó ń rìn pọ̀ | Ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ | Àìrí férémù kan |

Àwọ̀ danfo kò ràn wá lọ́wọ́

Ẹni tó bá ka ìwé àwọn òyìnbó lórí DeepSORT, tó jáde ní 2017, á rò pé ó ti bọ́. Ó fi ìrísí kún SORT: bí aṣọ ẹni ṣe rí, bí ara rẹ̀ ṣe rí, kí ẹ lè dá a mọ̀ nígbà tó bá padà yọ. Fún àwọn ènìyàn tó ń rìn lọ́jà tí kálukú wọ àǹkárá tirẹ̀, ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ wá gbé e sójú títì Èkó. Danfo kan wọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, àwọ̀ ìyeyè, ìlà dúdú. Danfo kan jáde, àwọ̀ ìyeyè, ìlà dúdú. Kẹ̀kẹ́ náà, ìyeyè. Ìrísí kò sọ nǹkan kan fún yín ju ohun tí ipò ti sọ lọ, ẹ sì ti fi agbára kọ̀ǹpútà ṣòfò. Bí ẹ bá fẹ́ kó wúlò, àfi kí ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú àwòrán danfo gidi, kó lè máa wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ àti ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Àwọn kan á sọ pé kí a ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ (plate number). Kámẹ́rà tó lè kà á láti òkèèrè gbówó lórí, nọ́ńbà ọkọ̀ ẹni sì jẹ́ ohun tó ń tọ́ka sí ẹni, tí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fi ní ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀.

Ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ kí ẹ gbé kámẹ́rà lọ sókè. Kámẹ́rà tó wà lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀, tó ń wo títì láti òkè, bọ́ọ̀sì kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ọkọ̀ mọ́ ọn lójú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìmọ̀ràn tó wu ẹni tó fẹ́ kọ kóòdù. Síbẹ̀, àkàbà kan lè gbà yín lọ́wọ́ oṣù iṣẹ́ kan lórí MHT.

Lójú omi, ọ̀rọ̀ yí padà

Mo fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi kún un ní ṣókí, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i pé ibi kan náà lè béèrè ọ̀nà méjì. Òfin àgbáyé ní kí ọkọ̀ òkun tó tó 300 tọ́ọ̀nù lọ sókè, tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, máa gbé AIS, ẹ̀rọ tó ń kéde ọkọ̀. Nígbà tó bá ń rìn, AIS rẹ̀ ń kéde ipò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 10, tòun ti nọ́ńbà oníhóró 9 tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ta ló ni ìròyìn? Ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀, Kalman filter nìkan ti tó. Ọkọ̀ ojú omi onígi tí àwọn apẹja fi ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀sà kò ní AIS. Radar nìkan ló lè rí i, ìgbì omi náà sì ń dá ìròyìn èké sílẹ̀. Níbẹ̀ ni JPDA ti ń jẹ owó tí wọ́n san fún un, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ wọ̀nyẹn bá jìnnà síra.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó ṣe é

Òǹkà tí wọ́n máa ń fi yangàn jù ni MOTA. Ó ń ṣe àròpọ̀ àwọn ọkọ̀ tí ẹ kò rí, àwọn èké, àti ìgbà tí nọ́ńbà pààrọ̀, ó ń fi iye gbogbo ìríran tòótọ́ pín in, ó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú 1. Ká ní ọkọ̀ 40 kọjá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú férémù 100, 4,000 nìyẹn. Ẹ kò rí 200, èké jẹ́ 100, nọ́ńbà pààrọ̀ nígbà 20. MOTA yín jẹ́ 0.92, ẹ lè fi sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìpààrọ̀ 20 láàrin ọkọ̀ 40 túmọ̀ sí pé ó lè tó ìdajì ọkọ̀ yín tí kò parí ìrìn pẹ̀lú nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ iye àkókò ìrìn lẹ fẹ́, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, MOTA kò sì sọ fún yín. Ẹ wo IDF1 tàbí HOTA pẹ̀lú rẹ̀, àwọn òǹkà tó ń wo bóyá ọkọ̀ di nọ́ńbà rẹ̀ mú. Fún PHD tí kò ní nọ́ńbà, OSPA, tó ń wo ipò àti iye ọkọ̀, ni ẹ máa lò.

Ẹ tún wo aago férémù. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tí férémù mẹ́wàá sì pòórá, ọ̀pọ̀ kóòdù á ṣì máa fún Kalman filter ní ìṣẹ́jú-àáyá 0.04 bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àkókò tí kámẹ́rà kọ sára férémù gan-an ni kí ẹ fún un. Fídíò tí ẹ máa fi dán an wò, kí ẹ gé e láàrin aago méje sí mẹ́jọ alẹ́, lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, nígbà tí iná iwájú mọ́tò ń tàn padà lójú ọ̀dà tí danfo ń gé iwájú ara wọn. Fídíò ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kò ní fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.